Gééjì ń gòkè, ń já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀: ṣé afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀?

AwakọÌrọ̀lẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi yìí.

Ọkọ̀ onípẹtiróòlù ni, ẹ́ńjìnnì 1.8, sílíńdà mẹ́rin. Rédíétọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ni mo bá gbé e fún mẹ́káníìkì pé kó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú hóòsì òkè. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó rọ kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) tuntun sí i títí ó fi kún, ó dé e, ó ní ó ti parí. Àtìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń ṣe bákan.

Bí mo bá wà lórí ìrìn, gééjì á dúró sí àárín gbùngbùn, kò ní mì. Bí mo bá ti wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo so sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, mọ́ ọn, mo sì rí 104 dígírì. Bí mo ṣe ní kí n pa á ló já wálẹ̀ sí 90 lójijì, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí ló ń rú mi lójú jù, torí ohun tó gbóná tó báyẹn kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo bá ṣíná láàárọ̀, mo tún máa ń gbọ́ omi tó ń dún gbulu-gbulu lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí. Híítà náà ń ṣe ségesège: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí mi ò tẹ tọ́rọ́tù, afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á di gbígbóná. Fáànù rédíétọ̀ ń yí nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kò ní dá sí i. Omi inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ní tiẹ̀ kò dín, kò lé.

Mẹ́káníìkì ní ká yọ tẹ́mọ́sítáàtì, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀, dànù. Ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti lọ. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:

Yọ ọ́ jàre. Mo ti yọ tèmi tipẹ́, ọkọ̀ kò hó mọ́. Nǹkan yẹn kò wúlò rárá.

Ọ̀gá_Sípánà:

Dẹ́rẹ́bà Àgbà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ìmọ̀ràn yẹn kọjá báyẹn. Ẹni tó yọ tẹ́mọ́sítáàtì kò tíì tún ọkọ̀ ṣe, àmì àìsàn ló bò mọ́lẹ̀.

Tẹ́mọ́sítáàtì ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láàárín 82 sí 95 dígírì ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ti àwọn ọkọ̀ mìíràn tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́mọ́sítáàtì wọn ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yípo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí gbayawu, omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì láì fojú kan rédíétọ̀. Ẹni tó ní òun ń wá ìtútù á wá rí ooru he.

Ó yá, AwakọÌrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń pariwo orúkọ ara rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bí àwọn èèyàn ṣe máa ń pe gbogbo ooru ní gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí kò ní wàhálà ooru kí wọ́n tó tú omi rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n da omi tuntun sí i, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Pọ́ọ̀mpù omi lè ti omi, kò lè ti afẹ́fẹ́. Inú híítà sì wà lára ibi tó ga jù nínú gbogbo ọ̀nà omi ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ. Bí ẹ kò bá tẹ tọ́rọ́tù, pọ́ọ̀mpù ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, agbára rẹ̀ kò tó láti ti omi kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ dí, híítà á tutù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, pọ́ọ̀mpù á yára, omi gbígbóná á rọ́nà wọlé. Gbulu-gbulu tí ẹ ń gbọ́ náà nìyẹn, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ti gééjì tó ń ṣe bó ṣe wù ú: sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru fún un kò mọ̀ ju ohun tó bá kàn án lára lọ. Bí omi bá bò ó, á sọ òtítọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró síwájú rẹ̀, á máa ka nǹkan mìíràn. Bí oru bá gbá a, á fò sókè. Bí omi bá tún padà, á já wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún fáànù kò ní ojú mìíràn ju sẹ́ńsọ̀ yẹn lọ, ìdí nìyẹn tí fáànù náà fi ń ṣe tinú rẹ̀. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé gééjì lè máa sọ pé kò sí wàhálà nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Nítorí náà ẹ má gbé e rìn jìnnà títí ẹ ó fi tú afẹ́fẹ́ náà jáde.

Ohun kan tún wà tí ẹ kọ tó kọ mí lóminú ju 104 lọ: ẹ ní omi inú ike kò dín, kò lé. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí ìdérí wà lórí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí omi inú ike gòkè díẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbóná, kó sì padà bó bá tutù, nítorí kúláǹtì ń wú bó bá gbóná. Bí kò bá mì rárá, ó lè jẹ́ ìdérí ni kò jẹ́ kó kọjá, tàbí páìpù tín-ín-rín tó lọ sínú ike ti dí tàbí ó ti lu. Ike tó kún kò fi hàn pé rédíétọ̀ kún. Ẹ ṣí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó ṣe é o. Kúláǹtì tí wọ́n pò ní ìlàjì-ìlàjì pẹ̀lú omi ń hó ní nǹkan bí 107 dígírì nínú afẹ́fẹ́ lásán. Lábẹ́ ìdérí tó ń di agbára bí 1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tì tó) mú, ó lè kọjá 125 kó tó hó. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná ti mú agbára yẹn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi á hó gùdù sókè sí i lójú.

Bí mo ṣe máa ń tú u nìyí.

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí imú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju gbogbo ibòmíràn lọ. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, kí ẹ gbé e lé orí àwọn ìdúró irin, kí ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lórí jáàkì nìkan. Ẹ yí híítà sí gbígbóná dé òpin, kí fáànù inú ọkọ̀ wà ní kékeré. Àwọn ọkọ̀ kan ní fáàfù tó ń dí omi híítà. Bí ẹ kò bá ṣí i, afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ kò ní rọ́nà jáde láéláé. Kódà bí ẹ kì í bá tan híítà láti ọdún dé ọdún, ẹ tan án lọ́jọ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá bóòtì tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́. Ó lè wà lórí ilé tẹ́mọ́sítáàtì, tàbí ní igun òkè rédíétọ̀, tàbí lára hóòsì híítà lẹ́bàá ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ mìíràn kò ní in rárá. Bí ẹ bá rí i, ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi tú u, torí ike ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, kíá ló ń ṣẹ́ sínú ihò rẹ̀. Ẹ máa rọ kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu rédíétọ̀. Ẹnu bóòtì yẹn á kọ́kọ́ máa pọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́, tọ́ọ́, tọ́ọ́. Nígbà tó bá wá ń ṣàn gbọọrọ láìsí ìhó kankan nínú rẹ̀, ẹ dé e padà.

Bí kò bá sí bóòtì, àrọ tó bá ẹnu rédíétọ̀ mu ni kí ẹ lò. Ẹ fi í há ẹnu náà, kí ẹ bu kúláǹtì sí i dé ìlàjì. Kí ẹ tó ṣíná, ẹ fi ọwọ́ fún hóòsì òkè, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún un fún. Ohun tí ìgò ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rì í bọ omi ni ẹ máa rí nínú àrọ yẹn: ìhó ńlá, omi á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ìhó ńlá mìíràn. Ẹ máa ṣe é títí kò fi sí mọ́.

Ẹ wá ṣíná. Ibí ni sùúrù wà. Fún ìgbà díẹ̀ á dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Omi inú àrọ á dúró, hóòsì òkè á ṣì tutù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kìkì ìhó wẹ́wẹ́ ni ẹ ó máa rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó ti tán, wọ́n á dé e. Ẹ má dé e. Tẹ́mọ́sítáàtì kò tíì ṣí, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá ṣí, ẹ máa mọ̀: hóòsì òkè á gbóná lójijì, omi inú àrọ á mì, á lọ sílẹ̀ wàì, ìhó kan tó tóbi bí ẹ̀kúnwọ́ á sì yọ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wà nítòsí pẹ̀lú kúláǹtì lọ́wọ́ lásìkò yẹn, kí ẹnu rédíétọ̀ má gbẹ, torí bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ tuntun ló ń mu yẹn.

Ẹ tẹ tọ́rọ́tù kí ẹ́ńjìnnì máa yí tó nǹkan bí ìgbà 2000 sí 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí fáànù rédíétọ̀ tàn kó sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Bí hóòsì ìsàlẹ̀ bá ti gbóná, tí híítà ń fẹ́ ooru láìsí pé ẹ tẹ tọ́rọ́tù, tí ìhó ti tán, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ yọ àrọ, kí ẹ dé ìdérí, kí ẹ bu ti inú ike dé ibi tí wọ́n fàlà sí. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣí rédíétọ̀ ní tútù, kí ẹ fi díẹ̀ kún un bó bá lọ sílẹ̀.

Irú kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ yín sọ ni kí ẹ lò, ẹ má fi àwọ̀ yàn án. Omi tí ẹ máa pò mọ́ ọn, kó jẹ́ èyí tí wọ́n sè gba oru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún bátìrì. Ẹ nu èyí tó bá dànù o, ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé àti ajá.

Bọ́lá_Híbíríìdì:

Ọ̀gá ti sọ ọ́ tán, díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un.

Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ó yá ju àrọ lọ. Wọ́n á so ó mọ́ ẹnu rédíétọ̀ tó ti gbẹ, wọ́n á fi kọ̀ǹpirésọ̀ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí gééjì rẹ̀ á fi dé nǹkan bí 0.8 bar lábẹ́ òdo. Ẹ ó rí i tí àwọn hóòsì á rún pẹlẹbẹ, ẹ má jáyà. Wọ́n á dá a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá dúró, kò jò. Wọ́n á wá ṣí fáàfù kejì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á mu kúláǹtì wọlé.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní pọ́ọ̀mpù omi oníná kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ti àrọ yìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpẹẹrẹ ni àwọn BMW kan: ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ rárá, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ẹ ó tàn, híítà ní gbígbóná dé òpin, fáànù ní kékeré jù, kí ẹ tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Pọ́ọ̀mpù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, á ṣe é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Kí bátìrì kún dáadáa kí ẹ tó ṣe é. Ti Toyota Prius, ọ̀nà omi méjì ló ní, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni ti ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá tú ti ọ̀kan, ti èkejì ṣì wà níbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:

Hùn. Bí mo bá fẹ́ dá tèmi padà ńkọ́? Ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń kọjú rẹ̀ ni?

Ọ̀gá_Sípánà:

Ó ní in, ẹ sì kú làákàyè. Apá tó ní sípíríǹgì máa ń kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ tún ní ihò kékeré kan létí, pẹ̀lú pín tó ń mì nínú rẹ̀. Kó wà lókè pátápátá, níbi tí 12 máa ń wà lójú aago, àfi bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ibòmíràn. Ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá jáde nígbà tí ẹ bá ń da omi sí i. Bó bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn gbé e sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí iná, kí ẹ rí i pé ó ń ṣí.

AwakọÌrọ̀lẹ́:

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ̀ mi kò ní bóòtì, àrọ ni mo lò. Nígbà tí tẹ́mọ́sítáàtì ṣí, omi inú àrọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ mọ́ mi lójú! Híítà ti ń gbóná bó ṣe yẹ, gbulu-gbulu ti dákẹ́, gééjì kò fò mọ́.

Àmọ́ omi inú rédíétọ̀ ń dín. Ti àárọ̀ àkọ́kọ́ kò yà mí lẹ́nu torí ẹ ti sọ ọ́. Mo fi kún un, ó tún dín lẹ́yìn ìyẹn, ó sì tún dín. Mi ò rí omi nílẹ̀. Ṣé kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì báyìí?

Ọ̀gá_Sípánà:

Ìbéèrè gidi lẹ béèrè yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù máa ń jáde ní ìtútù àkọ́kọ́, omi á dín lẹ́ẹ̀kan, ó sì yẹ kó dúró. Èyí tí kò dúró ní ibi tó ń lọ.

Ká mú gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́kàn ná. Bó bá jẹ́ òun ni, gáàsì láti inú sílíńdà ló ń wọ inú omi, kì í sì í dúró de ooru. Ẹ ṣíná ní tútù pẹ̀lú ìdérí lórí, kí ẹ fún hóòsì òkè láìpẹ́ sígbà náà: bó bá ti le gbandi nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, ẹ fura. Bí ẹ bá ṣí ìdérí kí ẹ tó ṣíná, tí ìhó ń jáde láìdáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò tán bó ti wù kí ẹ tú u pẹ́ tó, ẹ tún fura. Ẹ wo èéfín funfun tó ń rùn dídùn lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ wo ọ́ìlì bóyá ó ti dà bíi mílíìkì lórí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó ẹ̀rí, ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà lè ní in níbẹ̀ láìsí ohun tó ṣe é.

Èyí tó dájú jù ni àyẹ̀wò olómi búlúù. Wọ́n á dín kúláǹtì kù díẹ̀ lẹ́nu rédíétọ̀ kó má baà wọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé irinṣẹ́ náà lé ẹnu ibẹ̀, wọ́n á fi fa afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi gba inú olómi búlúù yẹn. Bí gáàsì tó jóná bá wà níbẹ̀, búlúù á di yẹ́lò lórí ọkọ̀ onípẹtiróòlù. Bó bá dúró ní búlúù lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ sinmi lórí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ló kù. Ẹ má retí omi nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, kúláǹtì díẹ̀ á yọ, ooru á gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ibi kan náà yẹn á fa afẹ́fẹ́ wọlé dípò kó fa omi láti inú ike. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ìdí gbogbo kílíìpù, pàápàá èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ohun tí ẹ ń wá ni èérí gbígbẹ tó ní àwọ̀ kúláǹtì yín. Ẹ wo rọ́bà inú ìdérí náà bóyá ó ti là.

AwakọÌrọ̀lẹ́:

Búlúù dúró ní búlúù, ẹ ṣeun! Hóòsì òkè kò le ní tútù.

Mo sì rí èérí náà. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ó wà lábẹ́ kílíìpù hóòsì òkè tuntun, lápá rédíétọ̀. Kílíìpù náà wà létí ẹnu hóòsì gan-an, ìdajì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Ṣé kí n kàn dì í sí i ni?

Ọ̀gá_Sípánà:

Rárá, ẹ má dì í sí i níbi tó wà yẹn. Ọrùn rédíétọ̀ tuntun ike ni, ẹ ó fọ́ ọ.

Ní tútù, ẹ fi abọ́ gba kúláǹtì tó máa yọ, kí ẹ tú kílíìpù, kí ẹ fa hóòsì kúrò. Ẹ máa rí etí kan tó wú yí ọrùn rédíétọ̀ ká. Ẹ nu èérí kúrò lára ọrùn àti inú hóòsì, kí ẹ fọwọ́ yẹ ọrùn náà wò bóyá ó ti sán. Bí kò bá sán, ẹ ti hóòsì wọlé títí ó fi kan ìdí, kí kílíìpù wà lẹ́yìn etí tó wú yẹn, kó má gun orí rẹ̀. Ẹ dì í kó mú, kí rọ́bà má yọ gba inú ihò kílíìpù.

Afẹ́fẹ́ ti tún wọlé nígbà tí ẹ tú u, nítorí náà ẹ gbé àrọ padà. Kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ibi kan ṣoṣo ni ẹ ṣí. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sára ike ní ibi tí omi wà ní tútù, kí ẹ máa wò ó ní àràárọ̀ kí ẹ tó ṣíná. Bó bá ń gòkè ní gbígbóná tó sì ń padà síbi ìlà ní tútù, ìdérí yín ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá padà, ẹ pààrọ̀ ìdérí, kí ẹ sì wo nọ́ńbà bar tó wà lórí èyí tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn.